Ẹ̀rọ Tí A Kò Dágbére Fún

Láti ọdún mẹ́ta tí mo ti wà ní ìlú òkèèrè, mi ò lá àlá kankan rí tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Bí mo bá ti di ojú báyìí, Ẹdẹ ni mo máa ń bá ara mi. Nígbà mìíràn màá wà nínú kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí Sẹkọna, ọ̀nà á máa gùn sí i, a ò sì ní dé. Nígbà mìíràn màá dúró létí Ọ̀ṣun, omi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ títí mi ò fi ní rí òdìkejì mọ́, màá sì máa gbọ́ igbe ẹyẹ òkun, irú èyí tí kò sí ní Ẹdẹ. Igbe ẹyẹ yẹn nìkan ni ìlú òkèèrè fi ń yọjú sínú oorun mi. Tí mo bá jí, ó máa ń gbà mí ní ìṣẹ́jú mélòó kan kí n tó rántí ibi tí fèrèsé wà.

Ìlú kékeré ni mo wà, létí òkun, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kùrukùru ibẹ̀ máa ń ti ojú omi wọ ìgboro láàárọ̀, á sì jókòó bí àlejò tí wọn ò tíì gbé oúnjẹ fún. Àwọn ènìyàn máa ń sọ fún wa nílé pé òtútù ibẹ̀ ni kí á bẹ̀rù. Òtútù kọ́ ló bà mí lẹ́rù. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé nínú oṣù Kejìlá, aago mẹ́rin ni ilẹ̀ ń ṣú. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rò pé mo ti sùn gbàgbé lórí àga ni. Mo wo aago, mo wo ojú ọ̀run, mo sì jókòó padà. Ó ṣe mí bíi pé wọ́n jí ọ̀sán mi gbé.

Ohun kejì tó yà mí lẹ́nu ni orúkọ. Kọ̀ǹpútà ni mo kà ní pólì ìlú wa, àmọ́ ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní òkèèrè. Mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń wọ̀ wọ́n láṣọ, mò ń fún wọn lóúnjẹ. Wọ́n wá ní kí n máa pe ẹni àádọ́rùn-ún ọdún ní orúkọ rẹ̀ gangan. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí ìbùsùn rẹ̀ kọjú sí òkun.

"Má pè mí ní Màmá," ló sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. "Pẹ́gì ni mò ń jẹ́."

"Ẹ ju ìyá ìyá mi lọ, mà," ni mo dáhùn. "Tí mo bá pè yín ní Pẹ́gì lásán, ẹnu mi lè wọ́."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Bí a ṣe parí ẹ̀ sí Màmá Pẹ́gì nìyẹn. Ó máa ń ní kí n sọ nípa odò ìlú wa fún òun, kí òun lè fi sùn. Màá sọ nípa àwọn obìnrin tó ń fọ aṣọ létí omi, nípa yanrìn, nípa bí omi náà ṣe ń pupa tí òjò bá rọ̀. Kò tíì sí ìgbà kan tí mo sọ ọ́ dé òpin kó tó sùn. Èmi náà á wá jókòó síbẹ̀, màá máa wo òkun, mi ò sì ní mọ èwo nínú omi méjèèjì ni mò ń wò.

Ó gbà mí ní ọdún kan àti ààbọ̀ kí n tó rí iṣẹ́ tí mo kọ́. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ló gbà mí, àwa mẹ́rin péré la wà níbẹ̀. Àwa là ń tọ́jú àkọsílẹ̀ oògùn fún ilé arúgbó mọ́kànlá: ta ló ń lo kí ni, hóró mélòó, ní aago mélòó. Inú ẹ̀rọ kan tí à ń pè ní sáfà ni gbogbo rẹ̀ wà. Tí nọ́ọ̀sì kan bá fẹ́ fún arúgbó kan lóògùn, sáfà yẹn ni fóònù rẹ̀ máa bi. Orúkọ Màmá Pẹ́gì wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i níbẹ̀, mo kí orúkọ náà pẹ̀lẹ́, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò mí.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe ilé. Màámi ló máa ń gbé e. A ó kí ara wa títí, màá bi wọ́n léèrè oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, ará ilé kan á gba fóònù, òmíràn á tún gbà á. Nígbà tó bá kù díẹ̀ ká parí, Màámi á kígbe sí ẹ̀yìnkùlé pé, "Ọmọ yín ló wà lórí fóònù o." Màá wá gbọ́ ohùn Bàámi láti ọ̀nà jíjìn, "Bá mi kí i."

Bá mi kí i. Odidi ọdún mẹ́ta, ohun tí mo ti gbọ́ lẹ́nu bàbá mi kò ju ìyẹn lọ, Màámi ni wọ́n sì ń sọ ọ́ fún. Mi ò lè bínú. Mo mọ ohun tí mo ṣe.

Ọmọ igi ni Bàámi ń tà lẹ́bàá ọ̀nà ní Sẹkọna. Ọmọ ọ̀pẹ àti ọmọ ọsàn wà nínú ọ̀rá dúdú, ata wà lórí ebè. Ẹnu Bàámi kò ní ìlẹ̀kùn. Tí inú wọn bá dùn lọ́wọ́ ìyálẹ̀ta, ará ìlú Ara àti ará Ẹdẹ á ti gbọ́ kó tó di ọ̀sán. Nígbà tí ìwé ìrìnnà mi jáde, àbúrò Màámi, Àǹtí Rìsíkátù, ti ìlẹ̀kùn yàrá, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ojú ayé ò dáa," ló wí. "Má sọ fún ẹnikẹ́ni títí o fi máa débẹ̀."

"Bàámi ńkọ́?"

"Bàbá rẹ gan-an ni mò ń wí. Tí wọ́n bá gbọ́ lónìí, lọ́jọ́ Jímọ̀ wọ́n á ní kí gbogbo mọ́ṣáláṣí bá ọ ṣàdúà. Ṣé àdúà yẹn lo fẹ́ ni, àbí ìrìn-àjò?"

A rẹ́rìn-ín. Mo ti rántí ẹ̀rín yẹn títí ó fi sú mi. Lọ́jọ́ tí mò ń lọ, mo yà sí Sẹkọna, mo sì sọ fún Bàámi pé Ìbàdàn ni mò ń lọ, pé mo ríṣẹ́ síbẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń bomi rin ata. Wọn ò tilẹ̀ nàró. Wọ́n ní, "Ìbàdàn ò kúkú jìnnà. Kú ìrìn o." Mo kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan, mo dìde, mo sì wọ kẹ̀kẹ́.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ẹnì kan tó wá ra ọmọ ọsàn kí wọn kú oríire ọmọ wọn tó ti dé òkè òkun. Màámi sọ fún mi pé Bàámi ta ọjà fún onítọ̀hún, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n palẹ̀ mọ́ lọ́sàn-án gangan, wọ́n sì gba ilé lọ. Wọ́n jókòó. Wọ́n wá ní, "Èmi ni ayé tí ẹ ń sá fún?"



Nínú oṣù Kejìlá tó kọjá, ọ̀gá wa, Kẹ́nì, sọ pé a ó gbé sáfà bọ́ sí ẹ̀dà tuntun ètò tó ń darí rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ní Ọjọ́bọ̀, mo ka ìwé tí àwọn tó ṣe ẹ̀dà tuntun náà kọ. Wọ́n kìlọ̀ nǹkan méjì: ẹ pa ẹ̀dà àtijọ́ ní pẹ̀lẹ́, ẹ má sì yọ ọ́ kúrò títí ẹ ó fi kó ẹrù inú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ tuntun. Mo mọ̀ pé Kẹ́nì kì í ní sùúrù. Mo ní kí n kìlọ̀ fún un.

Àmọ́ ọmọ Ẹdẹ ló kọ í-meèlì náà. Mo kọ́kọ́ kí i. Mo béèrè orúnkún ìyá rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Mo dúpẹ́ bó ṣe máa ń fara dà mí, mo sì ṣàdúà pé ọjọ́ ìsinmi á tù ú lára. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo wá sọ pé ó ṣeé ṣe kí n má tọ̀nà o, ṣùgbọ́n tó bá rí i pé ó yẹ, bóyá kó fi ẹ̀dà àtijọ́ sílẹ̀ ná. Ọ̀gá mi ni. Báwo ni màá ṣe já lu ẹni tó jù mí lọ pẹ̀lú ìkìlọ̀ lásán? Kẹ́nì fèsì láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó ní, "O ṣeun, orúnkún Màmá ti ń san." Ọkàn mi balẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá jẹ́ ìkíni, ó ti gbọ́ iṣẹ́ tá a rán sí i.

Lọ́jọ́ Àìkú náà, mo lọ kí Màmá Pẹ́gì láàárọ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe. Imú rẹ̀ ti ṣẹ̀jẹ̀. Dókítà wà níbẹ̀, ó sì ní kí wọ́n dín oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì kù, láti hóró kan sí ìlàjì. Nọ́ọ̀sì tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù rẹ̀ lójú mi. Màmá Pẹ́gì di ọwọ́ mi mú, ó ní òun lá àlá odò mi, pé pupa ni omi rẹ̀ lóòótọ́. Mo rò ó títí mo fi délé.

Kò tíì tó aago méjì nígbà tí Kẹ́nì pè mí. Ó ní, "Sáfà ò dìde."

Mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ọ́fíìsì nínú kùrukùru. Mi ò rí ènìyàn kan lójú ọ̀nà. Gbogbo ilé ti di funfun, bíi pé ẹnì kan nu ìlú náà kúrò tó sì fi òórùn iyọ̀ sílẹ̀. Mo bá Kẹ́nì níwájú kọ̀ǹpútà, irun rẹ̀ dúró ṣánṣán.

"Kí lẹ ṣe, sà?"

"Mo ní kí ti àtijọ́ sùn. Ó ń fi falẹ̀. Mo pa iná mọ́ ọn lára. Mo yọ ọ́ kúrò, mo gbé tuntun síbẹ̀. Ní báyìí tuntun kọ̀, ó ní òun ò mọ ẹrù tó wà nílẹ̀."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyí. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ìyá kan ń tọ́jú àká, ó mọ ibi tó kó àgbàdo sí, ó mọ ibi tó kó ẹ̀wà sí. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyàwó tuntun láìjẹ́ kí ìyá fi ọ̀nà hàn án. Ìyàwó dé ẹnu ọ̀nà, ó wo inú òkùnkùn, ó ní òun ò wọlé. Ẹrù ò sọnù o, ó wà níbẹ̀. Kò ṣáà sẹ́ni tó lè gbé e.

"Ṣé ẹ ò ka ohun tí mo kọ lọ́jọ́bọ̀ ni, sà?"

"Èyí tó ń béèrè orúnkún ìyá mi?"

Ó ṣí i, ó fà á wálẹ̀, ó ń fà á wálẹ̀. Mo rí i tí ojú rẹ̀ pọ́n.

"Kí ló dé tó o gbé e pamọ́ sí ìsàlẹ̀?" ló bi mí. Ohùn rẹ̀ kò le. Ó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́ ni. Mi ò mọ bí màá ṣe ṣàlàyé fún un pé mi ò gbé e pamọ́, pé ibi tó yẹ ká gbé ọ̀rọ̀ tó wúwo sí ni mo gbé e sí.

Aago mẹ́fà ni àwọn arúgbó máa ń lo oògùn ìrọ̀lẹ́. Kẹ́nì ní àdàkọ àkọsílẹ̀ oògùn tí a ṣe lálẹ́ àná wà nílẹ̀, pé kí á gbé ìyẹn padà, kí á sì máa lọ.

"Màmá kan wà tí wọ́n dín oògùn rẹ̀ kù láàárọ̀ yìí, sà," ni mo sọ fún un. "Ti alẹ́ àná á ní kí wọ́n fún un ní hóró kan gbáko."

"Pe ilé wọn, kí o sọ fún wọn."

"Èyí tí mo mọ̀ nìyẹn, torí pé mo wà níbẹ̀. Ilé mẹ́wàá tó kù ńkọ́? Ta ló mọ ẹni tí wọ́n tún yí tirẹ̀ padà láàárọ̀?"

Ó wo aago. Ó fún mi di aago márùn-ún, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ilé náà níkọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n ní sùúrù.

Màámi kì í ju ike áísìkiriìmù nù, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ju ọ̀rá nù, títí kan okùn tí wọ́n fi di àpò ìrẹsì. Ìwà yẹn bá mi sọdá òkun. Ẹ̀dà àtijọ́ tí Kẹ́nì ti yọ kúrò, mo ní i nínú àpò mi, nínú ike kékeré kan tí à ń kó iṣẹ́ kọ̀ǹpútà pamọ́ sí, èyí tí mo máa ń so mọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé. Mo gbé e padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun. Mo wá pàṣẹ pé kí wọ́n kó ẹrù láti ọ̀dọ̀ àtijọ́ lọ sọ́dọ̀ tuntun. Ó kọ̀. Ó kọ ìlà kan ṣoṣo sójú kọ̀ǹpútà: a kò pa ẹ̀dà àtijọ́ bó ṣe yẹ.

Mo kà á. Mo tún un kà. Níta, ilẹ̀ ti ń ṣú, kùrukùru sì dúró gbagidi lójú fèrèsé. Àwọn iná wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé ń tàn lára ẹ̀rọ dúdú yẹn, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn. Mi ò mọ̀ bóyá oorun ló fẹ́ gbé mi. Mo ṣáà rí i pé ẹ̀bá ọ̀nà Sẹkọna ni mo wà, níwájú ọ̀rá dúdú tí ewé tútù ń yọ jáde látinú wọn, oòrùn sì wà. Ọkùnrin kan tó ń kánjú ń fa ata tu lórí ebè gbígbẹ, gbòǹgbò ń já. Bàámi di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má fà á," ni wọ́n ń wí. "Bomi rin ín níbi tó wà ná. Jẹ́ kó mu ún yó. Tó bá yá, fúnra rẹ̀ lá jọ̀wọ́ ilẹ̀."

Mo la ojú. Mo pàṣẹ fún ẹ̀dà àtijọ́ pé kó dìde.

"Kí lò ń ṣe?" Kẹ́nì ti dúró sẹ́yìn mi. "Ṣebí tuntun la fẹ́."

"Ti àtijọ́ ni màá kọ́kọ́ jí, sà. Ẹ pa iná mọ́ ọn lára. Kò mọ̀ pé òun ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́."

Ó dìde. Ó kọ́kọ́ ń wá ibi tí wọ́n ti lù ú, ó ń tún gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí iná kú kà, ìlà kan tẹ̀lé òmíràn. A dúró. Nígbà tó ṣe tán, ó sọ pé òun ti wà ní àlàáfíà. Mo wá ní kó sùn. Ó tún ń fi falẹ̀, bó ṣe ṣe sí Kẹ́nì. Mo rí i tí ọwọ́ Kẹ́nì ń lọ síbi bọ́tìnnì, mo sì di ọwọ́ ọ̀gá mi mú. Mi ò ronú sí i rárá. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ẹ̀rọ yẹn fi palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, tó ń ti ìlẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó sùn.

Mo tún pàṣẹ kíkó ẹrù, ó sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò kọ̀ mọ́. Nígbà tí aago márùn-ún fi máa lù, ẹ̀dà tuntun ti dìde, mo sì ti ṣí orúkọ Màmá Pẹ́gì. Ìlàjì hóró. Orúkọ nọ́ọ̀sì àti aago tó tẹ̀ ẹ́ wà níbẹ̀. Àwọn méje mìíràn wà tí wọ́n yí oògùn wọn padà láàárọ̀ yẹn, tí èmi àti Kẹ́nì kò mọ ọ̀kan nínú wọn. Mo bú sẹ́kún. Ẹkún náà kì í ṣe nítorí oògùn nìkan, àmọ́ Kẹ́nì kò lè mọ̀.

Ó po tíì fún mi. Ó ní, "Láti òní lọ, ọ̀rọ̀ lókè, kí o wá kí mi nísàlẹ̀."

"Màá gbìyànjú, sà," ni mo wí.

Bí mo ṣe ń rìn lọ sílé, mò ń rò ó pé èwo ni ilé. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé tó bá pẹ́, ibi tá a wà á di tiwa. Mo ti dúró kó di bẹ́ẹ̀. Mo ní ìwé ìgbélùú, mo ní ẹni tó ń tà mí ní ẹja, mo mọ ọ̀nà àbùjá. Síbẹ̀, ńṣe ló ń ṣe mí bí ẹni tó ṣì wà lórí ìrìn, tí kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀. Mo ti di ẹ̀bi ọ̀rọ̀ náà ru òtútù, mo ti dì í ru àwọn ènìyàn ibẹ̀ tí kì í kíni. Lójú ọ̀nà yẹn ni mo jẹ́wọ́ fún ara mi pé mi ò tíì kúrò ní Sẹkọna. Mo ṣì dúró níbi ebè ata yẹn, irọ́ wà lẹ́nu mi.

Mo délé, mo pe Màámi. A kí ara wa. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kígbe sí ẹ̀yìnkùlé, mo dá wọn dúró.

"Màámi, ẹ gbé fóònù fún wọn."

"Ṣé kò sí nǹkan o?"

"Kò sí, mà. Ẹ ṣáà bá mi gbé e fún wọn."

Mo gbọ́ bàtà wọn lórí sìmẹ́ńtì. Mo gbọ́ rédíò tí ẹnì kan rẹ̀ sílẹ̀. Màámi ní, "Ẹ gbà, ọmọ yín ni." Lẹ́yìn náà mi ò gbọ́ nǹkan mọ́ àfi ẹni tó ń mí. Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù ní ilé ìdáná mi, orúnkún méjèèjì, bí mi ò ṣe kúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà."

Mo tẹ fóònù mọ́ etí.

"Bàámi, mo fẹ́ rìnrìn-àjò. Mo wá dágbére fún yín."

Mo gbọ́ ewúrẹ́ kan tó ń ké lẹ́yìnkùlé wa. Mo ti ń rò ó pé wọ́n ti gbé fóònù náà sílẹ̀.

"Níbo?" ni wọ́n wí.

"Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sà."

"Ìgbà wo lò ń lọ?"

"Lọ́la, sà." Mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá.

"Àwọn wo ló ti gbọ́?"

"Kò sẹ́nì kankan, sà. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ fún."

Bàámi wúkọ́. Ohùn wọn ti gbó ju bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lọ, ìyẹn sì dùn mí. "Wọ́n ní òtútù wà níbẹ̀," ni wọ́n wí. "Ṣé o ní aṣọ?"

"Mo ní, sà."

"Ta lo máa bá níbẹ̀?"

"Màmá àgbà kan wà, sà. Pẹ́gì ni wọ́n ń jẹ́."

"Máa bọ̀wọ̀ fún wọn."

Wọ́n wá ṣàdúà. Wọ́n ní Ọlọ́run á ṣáájú mi, á sì kẹ́yìn mi. Wọ́n ní ẹsẹ̀ tó gbé mi lọ náà ni yóò gbé mi bọ̀, pé mi ò ní rí ìbínú àlejò, pé oúnjẹ ibẹ̀ á bá mi lára mu. Mò ń ṣe àmín lórí orúnkún, mò ń gbọ́ Màámi náà tí wọ́n ń ṣe àmín lẹ́yìn wọn, omi ojú ń bọ́ sílẹ̀. Àdúà yẹn gùn. Gbogbo mọ́ṣáláṣí kọ́ ló ṣe é, ẹnì kan péré ni.

"Tó o bá ti débẹ̀, kó o pè mí," ni wọ́n fi parí ẹ̀. "Má jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn."

Nínú oorun mi, mo wà nínú kẹ̀kẹ́. Ọ̀nà kò gùn sí i mọ́. Kẹ̀kẹ́ dúró, mo sọ̀ kalẹ̀, mo sì rí òkun.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kí n tó bọ́jú, mo pe nọ́ńbà Bàámi fúnra wọn, èyí tí mi ò pè rí. Wọ́n gbé e kó tó dún lẹ́ẹ̀kejì.

"Bàámi, mo ti dé, sà."

"O kú ewu ọ̀nà," ni wọ́n wí.